Ilẹ̀ Dúdú Màmá Nọ́ọ̀sì

Ọkọ́ bá ilẹ̀ pàdé, ó ta padà bí ìgbà tí èèyàn gbá òkúta. Ọmọbìnrin tó dì í mú tún gbé e sókè, ó tún gbá a mọ́lẹ̀. Àpá funfun kékeré kan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ó da iyanrìn sínú amọ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn, tó pò ó pọ̀, tó sì gbin tòmátì sí i. Oòrùn ọjọ́ mẹ́rin péré ló sọ gbogbo rẹ̀ di búlọ́ọ̀kù. Àwọn ọmọ tòmátì náà dúró sínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbẹ láti ìdí dé orí.

Bàbá rẹ̀ jókòó sórí korobá kan tó dojú dé, ó ń ha amọ̀ kúrò lára okùn iṣẹ́ rẹ̀. Agbẹ́kànga ni. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń wọ inú ilẹ̀ lọ, tó sì ń jáde padà.

"Amọ̀ àti iyanrìn, ilé ni wọ́n fi ń kọ́," ni bàbá náà wí. "Wọn kì í fi gbin nǹkan."

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé iyanrìn máa ń jẹ́ kí omi rọ́nà lọ, Bàbá."

"Ìwé kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé kò dé ẹ̀yìnkùlé wa. Ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, eérú díẹ̀, èèpo tí a bá gbá nílé ìdáná, kó gbogbo rẹ̀ lé orí amọ̀ yẹn. Gbé ebè rẹ sókè dáadáa, kí o sì ní sùúrù. Má gbẹ́ ihò o. Ihò tí a bá gbẹ́ sínú amọ̀, omi ló ni ín. Iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ọ nìyẹn."

"Ìgbà wo ni ilẹ̀ náà yóò wá dára?"

"Kí òjò ọdún méjì kọjá lórí rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín kíkan. Ọ̀sẹ̀ méje péré ló kù kí tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ wá wo ọgbà oníkálùkù nílé. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ bá dára jù ni wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Láti kíláàsì kìíní ni òun sì ti ń ṣíwájú. Ọlọ́pọlọ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Àwọn tó ń jowú rẹ̀ á yí ohùn padà díẹ̀, wọn á ní Ọ̀pọ̀lọ́. Kò gbọ́ ti wọn. Ohun tó ń dùn ún ni pé bàbá tí kò wọ kíláàsì rí ló wá ń kọ́ òun ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀.

Ilé kejì sí tiwọn ni Màmá Nọ́ọ̀sì ń gbé. Òun ló gbẹ̀bí ọmọbìnrin yìí, òun náà ló sì gbà á tọ́jú lójúmọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí bàbá ní láti máa lọ gbẹ́ kànga. Amọ̀ pupa kan náà ló wà nílé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò sí ewé tó já tí kì í ṣà, kò sí èèpo iṣu tó ń dà nù. Ó ń kó wọn jọ, ó ń jẹ́ kí wọ́n jẹrà, ó ń gbé wọn lé orí amọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wá dúdú, ó fẹ́lẹ́, ekòló sì ń rìn nínú rẹ̀ bí ará ilé. Ó máa ń sọ pé ọmọ tí òun bí lọ́jọ́ ogbó nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pe ìyá àgbà náà fún iṣẹ́ abẹ ojú ní ìlú mìíràn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó fi lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

"Bá mi máa bomi rin ilẹ̀ mi àti ata tó wà lórí rẹ̀ títí n ó fi dé," ó wí. "Ìwọ nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ télọ̀, tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, bá a dé ibẹ̀. Ó bu ilẹ̀ dúdú náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fọ́n ọn sílẹ̀.

"Oúnjẹ wà nílé, o ń ṣagbe lójúde," ni ọmọ télọ̀ wí. "Bu níbí, kí o kó o sílé yín. Ó parí."

"Olè nìyẹn."

"Ta ló ń jí ilẹ̀? Ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀? Ojú wo gan-an ni ìyá yẹn yóò fi rí i?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti ọmọbìnrin náà kò dé ikùn.

Báàfù kan péré ló ní lọ́kàn láti bu. Ó gbẹ́ ihò sẹ́yìnkùlé wọn kí ilẹ̀ dúdú náà lè jókòó síbẹ̀ dáadáa, ó sì da báàfù kan sí i. Kò dé ìdajì. Ó padà lọ bu òmíràn. Ọ̀sán márùn-ún ló fi ṣe é, nígbà tí bàbá rẹ̀ wà nínú kànga àwọn ẹlòmíràn. Amọ̀ tó gbẹ́ nínú ihò rẹ̀ ló kó lọ dí àyè tó ṣófo láàárín àwọn ata lórí ebè tó gùn jù nílé Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó wọ́n ilẹ̀ dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ sórí rẹ̀, ó tẹ́ ewé gbígbẹ bò ó. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó rí ekòló kan tó gé sí méjì lẹ́nu ọkọ́. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ bò ó.

Tòmátì tuntun tó gbìn dìde bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Bàbá rẹ̀ dúró wò ó títí.

"Níbo lo ti rí ilẹ̀ yìí?"

"Màmá Nọ́ọ̀sì ló fún mi kí wọ́n tó lọ."

"Ihò lo gbẹ́."

"Kò jìn, Bàbá."

Bàbá rẹ̀ mi orí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó ní obìnrin yẹn ti ṣe ìyá fún ọmọ òun, ó ti ṣe é kọjá ìyá.

Oṣù kan pé, Màmá Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú báńdéèjì lójú ọ̀tún. Bàbá wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó ní kí ọmọ òun dìde kí àwọn lọ dúpẹ́. Ọmọbìnrin náà ní orí ń fọ́ òun, ó ní iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ pọ̀. Bàbá ní ọpẹ́ kì í dúró de orí fífọ́. Wọ́n lọ.

Wọ́n bá ìyá àgbà náà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ebè gígùn yẹn. Ó ti ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tó fà á jáde, amọ̀ pupa ló lẹ̀ mọ́ gbogbo ìka rẹ̀.

"Ẹ kú ewu, Màmá," ni bàbá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "A dúpẹ́ oore tí ẹ ṣe fún ọmọ yín. Ilẹ̀ tí ẹ fún un yẹn, tòmátì rẹ̀ ti ga dé orúnkún mi."

Ìyá náà yí ojú tó ṣẹ́ kù sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà, ó sì gbé e dúró síbẹ̀.

"Ẹ má dúpẹ́," ó wí níkẹyìn. "Ọmọ mi ni. Bí ó bá ní kí n fún òun, ṣé n ó ní rárá ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tún kí i. Ọmọbìnrin náà nìkan ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà gún. Bí wọ́n ti fẹ́ máa lọ, Màmá Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ alámọ̀ náà sí i.

"Kọ́kọ́rọ́ mi."

Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà kò ránṣẹ́ pè é mọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí tíṣà dé ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dá. Ilẹ̀ dúdú mu omi yó, omi sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó bá amọ̀ pàdé, kò sì rọ́nà gbà. Ihò náà kún bí ìkòkò. Ọmọbìnrin náà fi abọ́ gbọ́n ọn láti àárọ̀, bó ti ń gbọ́n ni omi ń dé. Ewé tòmátì pọ́n, gbòǹgbò rẹ̀ rà. Òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Tíṣà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì lẹ́yìn. Ó ki ọ̀pá kan bọ inú ilẹ̀ náà, ọ̀pá wọlé ṣọ̀ọ̀.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ti dé odò," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kí o gbẹ́ ihò sínú amọ̀?" ni tíṣà béèrè. "O ṣe abọ́, o wá gbin nǹkan sínú abọ́. Níbo lo ti rí ilẹ̀ olóràá tó tó báyìí?"



"Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì ló ti jí i, sà," ni ọmọ télọ̀ wí.

Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó kàn yí ẹ̀yìn padà, ó wọlé, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ìyẹn dun ọmọ rẹ̀ ju ẹgba lọ.

Òdo ni tíṣà kọ fún un. Ọmọ télọ̀ ló gba ipò kìíní. Inú àpò sìmẹ́ńtì àti ike àlòkù, tó fi ewé jíjẹrà kún, ló gbin tirẹ̀ sí. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀fìn ni, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà fi rìn dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbé báàfù, ó bu ilẹ̀ náà kún un, ó ní kí ọmọ rẹ̀ rù ú padà síbi tó ti kó o. Màmá Nọ́ọ̀sì bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dà á nù. Ilẹ̀ náà ti dà pọ̀ mọ́ amọ̀, ó ti kan. Lórí ebè tirẹ̀ pẹ̀lú, òjò ti dúró sórí amọ̀ tí wọ́n fi dí i, ata rẹ̀ sì ti rà tán.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. N ó tún un ṣe. N ó máa ṣa ewé lójoojúmọ́."

"Mo ti dárí jì ọ́," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í hu ata. Ọdún mẹ́sàn-án ni ilẹ̀ yẹn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Ibo ni n ó ti rí mẹ́sàn-án mìíràn?"

Màmá Nọ́ọ̀sì kò gbin nǹkan mọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ wá, tó ní kí ó wá bá òun gbé, kò jiyàn bó ti máa ń jiyàn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gba ilé náà lẹ́yìn rẹ̀ da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbé mọ́tò sí i.

Ọmọbìnrin náà tún ìdánwò iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ewé àti eérú ló kó lé orí amọ̀, ó sì gbé ebè rẹ̀ sókè bí bàbá rẹ̀ ti wí. Tòmátì rẹ̀ kéré, kò tó ti ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì. Ó kàn yege ni, kò sẹ́ni tó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ síbì kankan.

Èyí ni kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fi sọ́kàn: ilẹ̀ tó le ṣe é tún ṣe, bí èèyàn bá fún un ní àkókò. Ohun tí sùúrù fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́, ìkánjú lè wó o lọ́sàn-án márùn-ún péré. Ẹni tó jí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lè rò pé òun yóò dá a padà lọ́la. Àwọn ohun kan wà tí kò ní ìdápadà, pàápàá ọkàn ẹni tó fọkàn tán wa.