Bàbá Tó Sọ Ọmọ Rẹ̀ Di Ìran Àpéwò

Ọkùnrin káfíńtà kan wà tí ohùn rẹ̀ dára ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àga tó bá kàn á ti kúnlẹ̀ kí onílé tó jókòó. Ṣùgbọ́n bó bá lanu pe èèyàn, ẹni tó ń sáré lọ á dúró. Agogo ni wọ́n ń pè é.

Ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì obìnrin. Àwọn ọmọ náà lẹ̀ mọ́ra wọn láti àyà dé ìdodo. Kí ìyá wọn tó kú lórí ìkúnlẹ̀, ó fọwọ́ kàn wọ́n, ó ní, "Ọ̀tún nìyí, Òsì nìyí." Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nìyẹn.

Ọmọ bí ọmọ ni wọ́n. Ọ̀tún kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnu Òsì kì í sì í dákẹ́. Bí wọ́n bá ń jà, Ọ̀tún á ní, "Sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jàre." Òsì á ní, "Kí n sún lọ síbo?" Àwọn méjèèjì á wá bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí iṣẹ́ káfíńtà dẹnu kọlẹ̀. Agogo gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ó ta aṣọ pupa sí àárín rẹ̀, ó kan pèpéle, ó sì gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sí i. Ó ní kí ayàwòrán kan ya wọ́n sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ayàwòrán náà kò tilẹ̀ rí wọn rí. Ejò olórí méjì ló yà, ó wá fi irun ọmọbìnrin sí i lórí.

Òsì rí i. Ó ní, "Bàbá, ta nìyẹn?"

Bàbá rẹ̀ gbé òòlù, ó ń kan pátákó náà mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Láràárọ̀ ni ohùn Agogo ń dún lójú pópó: "Abàmì rèé o! Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó!" Kò fìgbà kan sọ pé, "Ẹ wá wò wọ́n."

Èrò ń sanwó wọlé, wọ́n ń wò, wọ́n ń fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó burú jù ni pé ó gbà kí wọ́n máa já àwọn ọmọ náà léèékánná. "Ẹ já ọ̀kan, ẹ ó rí i tí èkejì á sunkún!" Bẹ́ẹ̀ ló sì ń rí. Wọ́n á já Ọ̀tún, Òsì á figbe ta, èrò á pàtẹ́wọ́.

Irọ́ ni. Àwọn ọmọ náà ló ti jọ pinnu pé ẹni tí wọn kò já ni kó máa ké. Ẹkún èkejì ni èrò ń retí. Bí Òsì bá ti ké, wọ́n á fi Ọ̀tún sílẹ̀. Nítorí náà Ọ̀tún kọ́ bí a ṣe ń di ẹkún mú, Òsì sì ń bá a sun ún. Lọ́jọ́ tí Òsì jẹ́wọ́ fún bàbá wọn, ṣe ni bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Òṣèré ni yín! Ẹ jọ mí."

Agogo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń bá àwọn káfíńtà pọ́n ayùn. Onígbàgbọ́ ni. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pèpéle náà, ó ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lorúkọ yín?" Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí nínú yàrá náà.

Ó wá kọjú sí bàbá wọn. "Agogo, Ọlọ́run fi ọmọ ta ọ́ lọ́rẹ, o sọ wọ́n di ìran. Yí padà. Jésù á gbà ọ́."

"Ayùn lo mọ̀ ọ́n pọ́n, má pọ́n èmi! Ṣé ìwọ ló máa bọ́ wọn?"

"Ayùn tó bá ti kú kì í mọ̀ pé òun ń fa igi ya. Bẹ́ẹ̀ lọkàn rẹ rí, ọ̀rẹ́ mi."

Agogo lé e jáde.

Kò pẹ́ sí i, Ọ̀tún jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Kò sunkún. Òsì ló ń pariwo: "Bàbá, àyà ń dùn ún! Ẹ má ṣí aṣọ lónìí!"

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ eré yín. Ẹ fi í pamọ́ de àwọn èrò."

Ó ṣí aṣọ náà.

Nígbà tó di ọ̀sán, orí Ọ̀tún ṣubú sí èjìká àbúrò rẹ̀. Òsì figbe ta.

Èrò pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ apọ́nyùn yẹn ló sáré wá, tó bá a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́ lára Ọ̀tún. Dókítà pe Agogo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí nínú àwọn méjèèjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èkejì á tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tí a lè ṣe. Ẹ má bínú."

Agogo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè wọlé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ọ̀kan ṣì wà tó lè gbọ́ ọ. Wọlé, kí o bẹ̀ ẹ́."

"Èmi bàbá? Kí n bẹ ọmọ?"

"Ìwọ ẹlẹ́ṣẹ̀."

Ó wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Òsì wò ó. "Bàbá, ta lẹ ń pè ní ẹ?"

"Ẹ̀yin méjèèjì."

Ọmọ náà mí díẹ̀díẹ̀. "Èmi ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá Ọ̀tún dárí jì yín. Ẹkún nìkan ni mo máa ń bá a sun. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ bi í."

Ó fi apá kọ́ ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lọ.

Agogo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Báwo lèmi yìí ṣe máa dé ọ̀dọ̀ Ọ̀tún? Irú mi kì í débẹ̀."

Apọ́nyùn fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. "Ẹsẹ̀ tìrẹ kò lè gbé ọ débẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ Jésù náà di ìran. Wọ́n bọ́ ọ láṣọ, wọ́n gbé e kọ́ sókè, èrò ń wò ó, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Ó gbà á nítorí àwọn tí ìyà ń jẹ, ó sì gbà á nítorí ẹni tó ń fìyà jẹ wọ́n. Ké pè é."

Agogo ké pè é. Ohùn ńlá yẹn kò jáde, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Jésù, èmi ni mo ṣe é. Èmi ni. Ṣàánú mi." Jésù sì gbà á.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé omijé rẹ̀ gbẹ. Títí di òní, ó máa ń sunkún nígbà tí àwọn ará bá ń kọrin. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ń lọ, ó sì mọ ẹni tó ń lọ bẹ̀ níbẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta ni ẹkún rẹ̀ dà bí eré lójú rẹ? Bóyá ìyàwó rẹ ni, bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ, bóyá ìyá tí o ti sin. Àwọn kan wà tó ti kọjá ibi tí ẹ̀bẹ̀ rẹ lè dé. Jésù nìkan ló lè mú ọ dé ọ̀dọ̀ wọn láìsí ìtìjú, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ nísinsìnyí.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ síbi tí o wà yìí, kí o pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lórúkọ fún un. Bí ẹni tí o ṣẹ̀ bá sì ṣì ń mí, dìde lórí eékún rẹ, kí o máa lọ bá a. Má dúró títí ó fi kú, kó má di pé ẹlòmíràn ni yóò dá ọ lóhùn ní ipò rẹ̀.