Akíndélé Gbọ́ Fèrè

Kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni Akíndélé kúrò ní Èkó, tó padà sí Ìkéré, ìlú rẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ìjà ló sọ ọ́ di olókìkí. Ìjà náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ nìkan. Wọ́n ń tapá níbẹ̀, wọ́n sì ń ja ìjàkadì. Agbẹ́sẹ̀mú ni àwọn ọ̀dọ́ tí Akíndélé ń kọ́ níjà ń pè é.

Orúkọ náà bá a mu. Bí o bá tapá sí i ní ẹ̀gbẹ́, kì í sá sẹ́yìn. Yóò sún mọ́ ọ, yóò há ẹsẹ̀ rẹ mọ́ abíyá, yóò sì gbá èyí tí o fi dúró. Ilẹ̀ ló kù. Òfin ìjà gba èyí láyè. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí o gbé ènìyàn sókè, kí o fi orí rẹ̀ sọlẹ̀. Bí rẹfirí bá sì ti fọn fèrè, o gbọ́dọ̀ tú ẹni tí o dì mú sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Akíndélé bá Ọlọ́runtọ́ba jà, tíṣà kan láti Ìjàn. Tíṣà náà yára. Ó tapá mọ́ Akíndélé lẹ́nu, àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún tapá, Akíndélé gbá ẹsẹ̀ náà mú. Wọ́n ti dé etí ibi ìjà, rẹfirí bá fọn fèrè pé kí wọ́n padà sáàárín.

Ọlọ́runtọ́ba sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Akíndélé náà gbọ́ fèrè. Ó gbọ́ ọ kedere. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ṣì ń ta á lára. Ó gbé ọkùnrin náà sókè, ó sì fi orí rẹ̀ sọlẹ̀.

“Ariwo ni kò jẹ́ kí n gbọ́,” ló sọ fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbà á gbọ́.

Ọlọ́runtọ́ba kò kú. Ṣùgbọ́n láti àyà rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò mira mọ́.

Láti ìgbà náà ni ìyọnu bá Akíndélé. Bí ẹ̀rọ wẹ́dà bá ti dákẹ́, á gbọ́ fèrè. Bí wọ́n bá dánu dúró nínú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gbọ́ ọ. Ní òwúrọ̀ kan, ó ń wẹ Glory, ọmọ rẹ̀. Bó ṣe di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú láti fọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ fèrè, ó sì tú ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní láti gba kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè wẹ ọmọ mọ́. Ó gbààwẹ̀, ó mu omi àdúrà. Fèrè kò dákẹ́.

Ìgè ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ló bá a níbi tó jókòó sí lójú ọ̀sán, tí iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí kò lè ṣe é. Akíndélé sọ òtítọ́ fún un.

Ìgè jókòó tì í. “O ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú ẹ̀rù kúrò,” ló wí. “O ò tíì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì ọ́. Jésù kò kú nítorí àṣìṣe, Akíndélé. Ẹ̀ṣẹ̀ ló kú fún. Ìwọ sì ń pe tìrẹ ní àṣìṣe.”

Akíndélé wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjàn. Ìyá Ọlọ́runtọ́ba ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà wò ó títí.

“Ó wà ní ulé,” ló wí, ó sì yà fún un.

Ọlọ́runtọ́ba dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Akíndélé kò lè jókòó.

“Mo gbọ́ fèrè lọ́jọ́ náà,” ló wí.

“Mo mọ̀. Mo rí ojú rẹ kí o tó gbé mi.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ọlọ́run ni mo sọ fún. Mo fi ọ́ sùn ún títí ó fi sú mi. Ó pẹ́ kí n tó lè dárí jì ọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ṣì máa ń ṣòro.” Ó mí kanlẹ̀. “Mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi kò lè gba ọkàn rẹ là. Ẹni tí wọ́n kàn mọ́ igi nítorí rẹ ni kí o bá sọ̀rọ̀.”

Akíndélé kúnlẹ̀ sórí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. “Jésù,” ló wí, “mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣàánú mi.” Ó sunkún bí ọmọdé. Ohun tó ti di ẹrù lé e láyà bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Nígbà tó padà dé Ìkéré, ó pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ níjà jọ, ó jẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn mìíràn kò kí i mọ́. Ọlọ́runtọ́ba kò dìde lórí ibùsùn títí di òní. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Akíndélé máa ń lọ sí Ìjàn láti bá ìyá Ọlọ́runtọ́ba gbé ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì wẹ̀ ẹ́.

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, ó lè jẹ́ pé o kò ja ìjà rí láyé rẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, tí o ti wá àwíjàre fún, tí ayé sì gbà á. Ọlọ́run kò gbà á. Síbẹ̀, kò tíì lé ọ. Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ rẹ̀ tó láti wẹ̀ ọ́ mọ́. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la, nítorí kò sẹ́ni tó ṣèlérí ọ̀la fún ọ. Ibi tí o wà yìí tó fún eékún rẹ. Kúnlẹ̀ síbẹ̀ lónìí, kí o sọ òtítọ́ fún Jésù.