Aago Dúrójaiyé

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn ọ̀rọ̀ yìí, kó lọ sí Èjìgbò, kó béèrè ilé aláago. Àwọn tó fojú rí i kò tíì kú tán. A kò fi kún un, a kò sì yọ níbẹ̀.

Ìdí aago ni wọ́n bí Oyèdèjì sí. Òjó, bàbá bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ náà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó fi lé Dúrójaiyé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, Dúrójaiyé náà sì fi kọ́ Oyèdèjì. Ṣùgbọ́n aago òyìnbó ni gbogbo wọn ń tún ṣe. Nígbà tí Oyèdèjì ti Àbíjáǹ dé lọ́dún 1964, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìdílé àwọn náà yóò ní aago tiwọn.

Aago ọwọ́ mẹ́rìndínlógójì ló kó bọ̀. Ojú wọn funfun, ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí i.

Bàbá rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.

“Orúkọ ta lo fẹ́ kọ sí i?”

“Tiyín ni, Bàbá.”

“Kọ ti bàbá mi. Òun ti lọ ní tirẹ̀.”

Oyèdèjì rẹ́rìn-ín. “Ta ni yóò ra aago tó ń jẹ́ Òjó?”

Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. DÚRÓJAIYÉ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kọ ìkẹyìn, bó ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni ó gbọ́ ọ. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

“Leah, ṣé ìwọ lo wáìnì àwọn aago yìí, tó o lọ́ sípíríǹgì wọn?”

“Èmi? N kò fọwọ́ kàn wọ́n.” Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Kí ló dé tí gbogbo wọn ń dún lẹ́ẹ̀kan náà?”

Ó ṣí ẹ̀yìn ọ̀kan. Sípíríǹgì rẹ̀ dẹ̀, kò lágbára kankan nínú. Síbẹ̀, gbogbo irin inú rẹ̀ ń yí.

Ẹ̀rù bà á. Inú rẹ̀ sì tún dùn. Kí oṣù tó parí, ogún ti tà, ní Èjìgbò, ní Másífà, dé Ìsundunrin. Aago tí kì í fẹ́ wáìnì! Gbogbo ènìyàn ń sọ ọ́.

Láti ọ̀sán ọjọ́ tí àwọn aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún ni Bàbá kò ti lè di irin iṣẹ́ mú mọ́. Wọn a bu òkèlè, wọn a gbàgbé rẹ̀ sọ́wọ́. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò rí àrùn.

“Ó rẹ̀ mí, Oyèdèjì. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fà mí.”

“Ta ni, Bàbá?”

“Wọ́n pọ̀.”

Oyèdèjì fi abẹ ha orúkọ kúrò lójú aago mẹ́rìndínlógún tó kù. Wọn kò dákẹ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ bá Mùtàlíbù, oníṣòwò kan tó ra aago lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìsundunrin.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní aago yẹn padà.”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan.”

Mùtàlíbù fi ọwọ́ kejì bo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ máa lọ, aláago. Tèmi kò bàjẹ́.”

Bákan náà ni gbogbo wọn wí. Kò rí ẹyọ kan gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, nínú ọyẹ́, ó jókòó ti Bàbá. Ewé igi kan kò mì. Ẹyẹ kan kò ké. Ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó ń gbọ́ àwọn aago láti yàrá kejì. Bí iṣan ṣe ń lù lábẹ́ ìka rẹ̀ ni wọ́n ń dún. Kẹ́. Kẹ́.

Iṣan dúró.

Ó dúró de àwọn aago. Wọn kò dúró. Wọn kò tilẹ̀ fo ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ó tẹ́ aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sórí òkúta. Ó gbé hámà sókè. Leah sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bí Bàbá bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

Hámà bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kò lè wo ojú ara wọn. Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lóde, ó ń béèrè bóyá aago Dúrójaiyé ṣì kù.