Ẹní Tí Adétutù Ká Pamọ́

Adétutù ń gbálẹ̀ gbọ̀ngán tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìgbónà nígbà tó gbúròó mọ́tò. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìnílélórí ló dé, àwọn gan-an tí ìyá rẹ̀ ti ń retí tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni ìyá Shalom, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ọkàn Adétutù dàrú.

Láti ìgbà tí onílé ti ta ilé tí wọ́n háyà, tí ẹni tó rà á sì wó o lulẹ̀, inú gbọ̀ngán yìí ni òun àti ìyá rẹ̀ ń sùn. Màmá Ràṣídátù, opó tó ń ta obì, tí wọ́n jọ jẹ́ ayálégbé tẹ́lẹ̀, náà wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Màmá, àmọ́ pásítọ̀ ní òjò kì í béèrè ẹ̀sìn kó tó pa èèyàn. Òfin kan ló fún wọn: kí wọ́n máa ká ẹní wọn láràárọ̀, kí wọ́n sì gbálẹ̀ kí àwọn olùjọsìn tó dé.

Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sẹ́yìn ìlú, wọ́n sì ti ní ilé kan tí àwọn tí kò ríbi sùn lè máa gbé ná. Àmọ́ ẹni tí ìgbìmọ̀ bá fojú rí ibi tó ń sùn nìkan ni wọ́n ń kà. Ìdí nìyẹn tí ìyá Adétutù, kó tó lọ sí Ìkejì-Àrákejì láti bá àwọn ẹbí rẹ̀ sá kòkó, ṣe kìlọ̀ fún un pé kó má ká ẹní kankan lọ́jọ́ náà.

"Jẹ́ kí wọ́n rí wa bá a ṣe wà," ìyá rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀.

Irọ́ kan ló wà nílẹ̀. Adétutù ti sọ fún Shalom pé Dàda Estate làwọn náà ń gbé. Bí iléèwé bá ti jáde, á bá Shalom rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn níbẹ̀, á juwọ́ sí i, á yà ní kọ̀rọ̀ kan, lẹ́yìn náà á fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìgbónà. Ẹnu parọ́, ẹsẹ̀ ń jìyà rẹ̀.

Kí ìgbìmọ̀ náà tó kanlẹ̀kùn, ó ti ká gbogbo ẹní, ó ti kó ìkòkò àti sítóòfù sínú yàrá tí ẹgbẹ́ akọrin ń kó aṣọ sí. Ìyá Shalom bi í bóyá àwọn èèyàn ń sùn níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní kò sí o, òun kàn wá gbálẹ̀ ni. Obìnrin náà wo bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tónítóní, ó yìn ín, wọ́n bá lọ.

Kò pẹ́ tí Màmá Ràṣídátù wọlé. Ilé aládùúgbò kan ló ti lọ wẹ̀. Ó lé tìróò, ó sì da ìborùn funfun tó máa ń lò lọ́jọ́ ọdún bora. Ó jókòó, ó ka ọwọ́ lé itan.

"Adétutù, ṣé wọn ò tíì dé? Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá mi ní wúruwùru."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Adétutù lọ́kàn. Ti ara rẹ̀ nìkan ló rò, kò tiẹ̀ rántí arúgbó yìí. Ó bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́. Ó rò pé Màmá á bú òun, àmọ́ ìyẹn kàn rọra ń ṣí ìborùn rẹ̀ kúrò lórí ni.

"Ojú ti ti èmi náà rí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Adétutù mú ọ̀nà Dàda Estate pọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí, kò yà sí kọ̀rọ̀ kankan, ó kanlẹ̀kùn. Nígbà tí Shalom àti ìyá rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kó dìde, ó kọ̀. Ọmọ òṣómàáló kúkú ni, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ yìí, òun gan-an ló jẹ gbèsè, òtítọ́ ló sì wá san.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, a ò gbé ní àdúgbò yìí. Inú gbọ̀ngán tẹ́ ẹ wò yẹn là ń sùn. Èmi ni mo ká ẹní pamọ́, torí kí Shalom má bàa mọ̀."

"Mo ti mọ̀," Shalom dáhùn. "Mo máa ń rí ẹ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó o bá ń padà. Mo kàn ń retí kó o sọ fún mi ni."

Ìyá Shalom gbé e dìde. Ó sọ fún un pé yàrá méjì ló ṣẹ́ kù láàárọ̀ nínú ilé tí ìjọba ní náà, àmọ́ lẹ́yìn tí àwọn kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ti fi ọ̀kan fún ìdílé mìíràn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ padà wá sí gbọ̀ngán lọ́jọ́ kejì, ẹní wà nílẹ̀, sítóòfù sì ń jó. Màmá Ràṣídátù ni wọ́n fún ní yàrá tó kù nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Adétutù àti ìyá rẹ̀ yóò dúró di ìgbà tí ilé tuntun bá parí.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti oko tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bínú gan-an. Adétutù kúnlẹ̀, ó gbà pé òun jẹ̀bi.

Inú gbọ̀ngán ni wọ́n ṣì ń sùn títí di òní, Adétutù sì ń ká ẹní láràárọ̀ bí òfin ṣọ́ọ̀ṣì ṣe wí. Àmọ́ bí iléèwé bá jáde, Shalom ló ń sìn ín dé Ìgbónà báyìí. Ó ti wá yé Adétutù pé àìnílé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yẹ kó ti èèyàn lójú débi tí yóò fi parọ́. Ìṣòro tí a bá gbé pamọ́, kò sí ẹni tó lè bá wa gbé e.