Ihò Tí Bàbá Gbẹ́ Sórí Òkè

"Dùnmínínú, ṣé gbogbo ọmọ igi páìnì náà ti wọlẹ̀?" Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé bèèrè láti orí àga tó jókòó sí níta.

"Gbogbo rẹ̀ ti wọlẹ̀, bàbá mi."

Wọ́n wọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà níbi tó rán an. Oko wọn nítòsí Ìgèdè-Èkìtì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ láti orí òkè wá sí àkùrọ̀. Òkè yẹn ni bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn gbẹ́ ihò, títí orúnkún fi dá a dúró. Ó ní igi yìí nìkan ni ogún tí òun ní fún ọmọ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Dùnmínínú gbé díẹ̀ gòkè, ó gbìn ín. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ wá gbé òmíràn, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Jùwọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń já ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà kẹ̀! Kí lo ń gun òkè olókùúta fún? Wo ilẹ̀ dúdú níbí. Ibi tí ẹ̀fọ́ ti ń ṣe báyìí, ṣé páìnì ni kò ní ṣe?"

Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ lóòótọ́. Ni ọmọ yìí bá gbin gbogbo èyí tó kù sí àkùrọ̀. Ó kúkú mọ̀ pé bàbá òun ò lè lọ wò ó! Háà, ọmọ aráyé!

Òjò dé, omi dúró sí àkùrọ̀. Kò pẹ́, ewé páìnì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Dùnmínínú fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà. Síbẹ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ní Sátidé kan, Dùnmínínú dé oko, ó rí bàbá rẹ̀ lórí òkè, ọ̀pá ló fi rọra gùn débẹ̀. Koríko ti kún inú àwọn ihò náà. Páìnì díẹ̀ tó gbìn síbẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ó rẹ̀ mí ni. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló rọ̀, mo rò pé…"

"Èmi náà, ó rẹ̀ mí, ọmọ mi." Ohùn bàbá lọ sílẹ̀. "Páìnì ò fẹ́ ibi tí omi ń dúró sí. Ilẹ̀ tó rọ ọkọ́ lọ́rùn kọ́ ló ń rọ igi lọ́rùn."

"Àwọn ihò yín ṣì wà, bàbá mi."

"Ihò wà. Igi dà?"

Dùnmínínú dìde lọ sídìí àwọn ihò náà. Ó ń sunkún, ó ń fa koríko kúrò nínú ihò. Nígbà tó ṣe tán, orúnkún bàbá ò gbé e mọ́. Dùnmínínú ní kó fara ti òun, wọ́n sì ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkè tó torí rẹ̀ purọ́ náà ni, ẹrù èjìká rẹ̀ lọ́jọ́ náà sì wúwo ju páìnì lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí a bá torí àárẹ̀ sá fún kì í lọ. Ó ń dúró dè wá ni, á sì ti wúwo sí i.