Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mọ àṣírí wa tí kò sì lé wa jáde.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ni èmi àti olólùfẹ́ mi ti pàdé. Lọ́yà ni ọmọbìnrin náà. Ó kó ìwé ẹ̀sùn wá pé kí n tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Mo wo ojú ìwé àkọ́kọ́. Orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ni mo rí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà ló ni orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n èmi ni mo sáré fi ṣe orúkọ ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo sì fi yá ọkùnrin kan. Ayédèrú oògùn náà ló ń tà níbẹ̀. N kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Ọ̀gá Atẹ̀wé, ẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni?"

"Ẹ̀rọ yìí ló ń gbọ̀n mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi.

"Ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́?"

"A ò mọ̀ ọ́n. Ó fi ara pamọ́. Àwọn tó ta orúkọ ìkànnì náà fún un ni yóò bá wa fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá fèsì láàárín ogún ọjọ́, ilé iṣẹ́ oògùn náà á gba orúkọ wọn padà."

Mo bá a dì í pọ̀, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo pinnu láti dákẹ́.

Ìwé náà pẹ́ lọ́nà. Ìfẹ́ wa kò pẹ́ kó tó gbilẹ̀. Bàbá rẹ̀ sọ fún un lójú mi pé, "Ẹni tí kò ní nǹkan kan láti fi pamọ́ ni kó o fẹ́." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ọkàn mi sì ń dá mi lẹ́bi.

Lọ́jọ́ tí mo mú un lọ kí ìyá mi, ìyá mi mú lẹ́tà kan wá.

"Ìyàwó mi, bá mi ka èyí. Ojú mi ti di ti àgbà."

Ó ṣí i. Ìwé ẹ̀sùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ló rí.

"Màmá, orúkọ yín ló wà níbí. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ìkànnì yìí?"

"Èmi? Fóònù mi gan-an, ẹlòmíì ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́."

Orúkọ ìyá mi ni mo fi ra ìkànnì náà, kí n lè fi bo ara mi. Bí mo bá dákẹ́, ìyá mi di olè.

"Èmi ni," mo ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti bá ẹ tẹ̀ ẹ́ ni mo ti mọ̀."

Ìyá mi jókòó. Olólùfẹ́ mi ká lẹ́tà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ìwọ náà lo bá mi dì í pọ̀."

"Ayọ̀ mi, forí jì mí."

"Èmi kọ́ lo máa kọ́kọ́ bẹ̀. Bàbá kan lo ayédèrú yẹn, apá rẹ̀ kan ti rọ. Lọ bá a."

Ọjọ́ náà ni mo dá orúkọ ìkànnì náà padà fún ilé iṣẹ́ tó ni ín. Mo lọ bá bàbá náà. Kò bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ní gbogbo Sátidé, mo ń gbé ojúlówó oògùn lọ fún un. Ní oṣù kẹrin tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo bá olólùfẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá aláìsàn náà, bàbá tó bí i sì wà níbẹ̀.

"Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀," bàbá olólùfẹ́ mi ní. "Máa bọ̀ nílé."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, bàbá aláìsàn yẹn gbé apá tó kù fún un sókè, ó súre fún wa. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n n kò lè gbé orí sókè.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Olúwa fún ọ lágbára láti jẹ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o sì rí ẹni tí yóò dúró tì ọ́.