Kùkùté Igi Óákù Ìyá Haugen

Nígbà tí Ìyá Lorraine Haugen ti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Reno dé, kùkùté ló bá níbi tí igi óákù rẹ̀ wà. Ìtì àti ẹ̀ka kún àgbàlá. Abẹ́ igi náà ni ọkọ rẹ̀, tó ti sùn nínú Olúwa, ti máa ń ka Bíbélì láràárọ̀. Opó náà kò pariwo. Ó jókòó sórí ìtì kan, ó sì pe ọlọ́pàá.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Nadine Okimoto ni wọ́n rán wá. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì mọ igi.

Ní Ledyard Flat, ìlú wọn, a kì í fi igi tó bá sún mọ́ wáyà iná ṣeré. Ẹ̀ka kan péré lè dá iná igbó sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná fi ń rán àwọn kan ṣáájú láti fi ọ̀dà sàmì sára igi tó yẹ ní gígé, kí àwọn agégi tó tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n igi Ìyá Haugen jìnnà sí wáyà. Ilé iṣẹ́ náà ní Rubén Cisneros, olórí àwọn agégi tó gé e, ló fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí i. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ lé e lọ pátápátá.

"Rubén, ta ló kun ọ̀dà náà?" Okimoto bi í nígbà tó pè é wá sí àgbàlá náà.

"Ọ̀gá, mo bá a níbẹ̀ ni. Ó yẹ kí n béèrè, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Mo ní ọmọ mẹ́ta!"

"Kí ló dé tí ẹ ò kó igi náà lọ?"

"Onílẹ̀ ló ni igi. Bó bá ní ká kó o, òfin ní ká kó o. Bó bá sì fẹ́ fi dáná, a ó fi sílẹ̀ fún un. Ìyá ò sí nílé tí à bá fi bi wọ́n."

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Curtis Bramwell, aládùúgbò Ìyá, yọ sí wọn pẹ̀lú ife kọfí.

"Màdáámú, ẹ bá mi dá sí i! Ojoojúmọ́ ni mò ń pe ilé iṣẹ́ iná pé kí wọ́n wá kó pàǹtírí yìí. Òfin ni! Àbí kí iná jó gbogbo wa?"

Ìyá Haugen gbójú sókè. "Curtis, o ní nọ́ńbà mi. O pè wọ́n lójoojúmọ́, o ò wá pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Mi ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́ ni, Mama."

Okimoto àti Rubén bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ìtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi rí èyí tí ọ̀dà wà lára rẹ̀. Ọ̀dà náà wà lórí nǹkan tútù aláwọ̀ ewé tó máa ń bo èèpo igi níbi tí oòrùn kì í dé.

"Ọ̀gbẹ́ni Bramwell, ẹ wo ibí," Okimoto wí. "Ojú títì ni oòrùn ti ń wá, ibẹ̀ náà ni wáyà gbà kọjá. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ilé iṣẹ́ máa ń kùn, kí awakọ̀ àwọn agégi lè rí i. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í dé ni èyí wà. Ilé yín ló kọjú sí."

"Ẹnikẹ́ni lè fo ọgbà!"

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni òjìji igi yìí ń ni lára?"

Gbogbo wọn wo òrùlé Curtis. Sólà tuntun tò síbẹ̀, ó ń kọ mànà nínú oòrùn.

"Ẹ ò pe Mama, torí Mama á béèrè ọ̀rọ̀," Okimoto wí. "Ilé iṣẹ́ lẹ pè, kí ìtì yìí lè tètè pòórá. Òfin tí wọ́n ṣe kí iná má bàa jó wa lẹ fẹ́ fi bo àṣírí, ẹ sì jẹ́ kí ọlọ́mọ fẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀."

Ife kọfí bọ́ lọ́wọ́ Curtis. "Láti ọ̀sán lọ, sólà yẹn kì í mú iná wá rárá," ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. "Mo rò pé Mama ò ní gbà."

"Ṣé o bi mí ni?" Ìyá Haugen béèrè. "Ǹ bá gé ẹ̀ka díẹ̀ fún ẹ. Ìwọ ọmọ yìí, ǹ bá tiẹ̀ ṣe páì sí i fún àwọn tó bá wá gé e."

Okimoto mú Curtis lọ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó sì pe ilé iṣẹ́ iná. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Rubén, wọ́n ní kó o wọlé iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la."

Rubén ṣí àkẹtẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ògo ni f'Ọ́lọ́run," ó sì wá ibi ìkọ̀kọ̀ kan lọ lẹ́yìn ọkọ̀ tirẹ̀ láti pe ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.